Oògùn ẹsẹ̀ tó ń yí ìwà padà: bí ẹ ó ṣe ṣọ́ ọ nínú ilé

Aago méjì òru ni mo jí tí n kò bá Bàbá Tóbi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Kubwa ni mo ti bá wọn, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu wọn, wọ́n ti tú jẹnẹrétọ̀ palẹ̀ tán. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n to bóòtù àti nọ́ọ̀tì sórí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún kò bàjẹ́ o. Iná sì wà. Mo ní kí ló dé, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wo inú rẹ̀ ni. Ìgbà kẹta nìyẹn lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ayé ni mo kọ́kọ́ pè é. Aládùúgbò wa kan ní ká lọ bá wòlíì kan ní Mararaba, àbúrò wọn ní Ìlọrin ní ká wá ààfáà. A gbààwẹ̀, a fi òróró kun ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó wo ike oògùn kékeré tó wà lórí fìríìjì, èyí tí wọ́n ń lò lálaalẹ́ nítorí ẹsẹ̀. Oṣù mọ́kànlá kọjá ká tó mọ̀, owó tó bá a lọ kì í sì í ṣe kékeré. Bàbá Tóbi fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Tíṣà ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn dókítà ni mo kọ síbí, àti ohun tó wà nínú ìwé pẹlẹbẹ inú páálí oògùn náà, tí àwa kò kà.

Ẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn

Restless legs syndrome ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní àìsàn Willis-Ekbom, nítorí Karl-Axel Ekbom, dókítà ará Sweden, tó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1945, àti Thomas Willis tó ti kọ nípa rẹ̀ ní England ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú eegun. Bí èèyàn bá jókòó tàbí tó dùbúlẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, tó bá dìde rìn á rọlẹ̀, alẹ́ ló sì ń burú jù. Ní ìsìn àṣemọ́jú, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni Bàbá Tóbi máa ń wà, wọ́n á máa rìn lọ, wọ́n á máa rìn bọ̀. Àwọn èèyàn rò pé àdúrà ló gbóná lára wọn.

Oògùn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù: pramipexole, ropinirole, àti rotigotine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àìsàn Parkinson, èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó sì ń mú ara le, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe wọ́n fún. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ropinirole fún ẹsẹ̀ ní 2005, wọ́n sì fọwọ́ sí pramipexole ní 2006. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa, n kò ní parọ́. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá Tóbi lò ó, wọ́n sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, mo tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n lára láti mọ̀ bóyá wọ́n ń mí.

Ohun tí oògùn wọ̀nyí ń ṣe ni pé wọ́n ń ṣe bíi dopamine nínú ọpọlọ. Dopamine ni ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń rìn. Òun náà ló tún wà nídìí bí nǹkan ṣe ń wù wá: ayọ̀ èrè, adùn oúnjẹ, ìfẹ́ láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí yàrá méjèèjì. Yàrá ẹsẹ̀ la fẹ́ ṣí, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kò mọ èyí tí a fẹ́.

Ní 2005, àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ nípa àwọn alárùn Parkinson mọ́kànlá tí tẹ́tẹ́ gbà lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń lo irú oògùn yìí. Àwọn kan rò pé àìsàn Parkinson ló fà á, pé ìwọ̀n oògùn ti ẹsẹ̀ kéré jù fún irú èyí. Ní 2010, láti ilé ìwòsàn yẹn kan náà, ìwádìí jáde lórí àwọn tó ń lò ó fún ẹsẹ̀ nìkan: nǹkan bí èèyàn 17 nínú 100 ló ní ìwà tí kò ṣeé kó níjàánu. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ló sì tó yọjú. Oṣù mẹ́sàn-án! Ta ló máa rántí oògùn tó ti ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti gbin àgbàdo?

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ orúkọ àti ìwọ̀n ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ “oògùn funfun kékeré yẹn”. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un lè yàtọ̀, àmọ́ orúkọ oògùn gan-an wà lára páálí pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́ sórí fóònù.

Ìwọ̀n pramipexole fún ẹsẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.125 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú oorun. Ropinirole ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.25 mg, kò sì yẹ kó ju 4 mg lọ lóòjọ́. Ẹ ṣọ́ra bí ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n bá ń fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun: páálí pramipexole kan lè ní 0.088, òmíràn 0.125, kó sì jẹ́ nǹkan kan náà, nítorí ọ̀nà ìṣírò méjì ló wà. Ẹni tó bá rò pé 0.088 kéré, tó wá lo méjì, ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láìmọ̀.

Tó bá jẹ́ rotigotine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ni, ooru máa ń mú kí oògùn yára wọ ara. Ooru oṣù kẹta ní Abuja kì í ṣeré, nítorí náà ẹ má fi ojú ibi tí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí kọ oòrùn, ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí ẹ tó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì

Ẹ sọ fún dókítà bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ta tẹ́tẹ́ rí tó di wàhálà, bóyá ọtí tàbí oògùn olóró ti jẹ́ ìṣòro, bóyá ìbànújẹ́ ọkàn ti ṣe yín rí. Àwọn tí ìwà yìí tètè ń mú nìyẹn. Bàbá Tóbi ní bàbá tó fi oko kòkó ta tẹ́tẹ́ pools. Kò sí ẹni tó bi wọ́n, wọn ò sì ronú pé ó kan ẹsẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ irin inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ferritin. Àìtó irin jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó ń fa ẹsẹ̀ yìí, àwọn aláboyún àti àwọn tí kíndìnrín wọn kò dá ṣáká ló sì wọ́pọ̀ sí. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń ṣe, bí ferritin kò bá ju 75 lọ, àwọn dókítà oorun máa ń fẹ́ kọ́kọ́ dá irin padà sára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àyẹ̀wò lè kọ ọ́ sí ìwé pé 40 dára. Ẹ má kàn lọ ra oògùn irin ní kẹ́míìsì o, irin tó pọ̀ jù náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Tí wọ́n bá sì kọ ọ́ fún yín, ẹ má fi tíì máí ṣáyì gbé e mì, tíì kì í jẹ́ kí irin wọ ara.

Ẹ wo àwọn oògùn yòókù tí ẹ ń lò. Piriton, promethazine, metoclopramide tí wọ́n fi ń dá èébì dúró, amitriptyline: gbogbo wọn lè mú ẹsẹ̀ burú sí i. Obì àti gooro náà ní èròjà tó wà nínú kọfí. Bàbá Tóbi ń jẹ gooro kí wọ́n má baà sùn lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń lo Piriton ní alẹ́ nítorí eruku ọyẹ́. Ká ní a ti kọ́kọ́ dá méjèèjì dúró ni, bóyá a ò ní dé ibi tí a dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan ẹlẹ́rìí

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń báni rí tẹni. Ẹni tó ń lo oògùn náà ló ń gbẹ̀yìn mọ̀. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Lójú tirẹ̀, nǹkan kàn wù ú ni, gbogbo ohun tó ń ṣe ló sì ní ìdí. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹnì kan tí ẹ jọ ń gbé: aya, ọkọ, ọmọ tó ti dàgbà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà ní Abuja, tí ẹbí wà nílé, ẹ wá ọ̀rẹ́ tó máa ń rí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ sọ fún un báyìí: “Oògùn yìí lè yí ìwà mi padà. Bó o bá rí i, sọ fún mi, mo sì ṣèlérí pé mi ò ní bínú.” Ó máa bínú, àmọ́ á rántí pé òun ṣèlérí.

Ẹ wá ìwé kékeré kan. Ẹ kọ bí nǹkan ṣe rí kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀: iye tó ń ná lọ́sẹ̀, bóyá ó ń ta tẹ́tẹ́, ìgbà tó ń sùn, bó ṣe ń jẹun, bí ìbálòpọ̀ ṣe ń lọ sí, aago mélòó ni ẹsẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ Sunday kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dáwọ́ dúró lẹ́yìn oṣù kan tí kò bá sí nǹkan, ẹ ṣáà ti rí i pé oṣù mẹ́sàn-án lè kọjá kó tó yọjú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́

Tẹ́tẹ́ ló ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Ìwé tẹ́tẹ́ ni mo rí láàárín ìwé orin Bàbá Tóbi, a ti ká wọn bí ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ dúpẹ́. Lórí fóònù kò tilẹ̀ sí ìwé kankan. Ẹ wo àlẹ́ẹ̀tì báńkì: ₦200, ₦500, ₦500, ₦1,000, láàárín aago kan òru sí mẹ́ta. Owó kékeré tó pọ̀ ni àmì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn app ayánilówó á wọlé, ẹ ó sì mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pe àwọn ẹbí yín láti dójú tì yín.

Ìnáwó ṣòroó mọ̀ ju tẹ́tẹ́ lọ, nítorí ní ìlú wa, kò sí ohun tí èèyàn rà tí kò ní àlàyé. Fáànù alágbára bátìrì méje ni mo bá nínú búùtù mọ́tò, gbogbo wọn ṣì wà nínú páálí. Wọ́n ní iná kò dúró déédéé, pé kó tó tún wọ́n sí i làwọn ṣe rà á. Irọ́ kọ́ nìyẹn! Ohun tó yẹ kí n bèèrè ni ìdí tó fi jẹ́ méje, àti ìdí tí wọ́n fi fi pa mọ́. Ìfipamọ́ ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo àlàyé.

Ìbálòpọ̀ ni èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ. Ìfẹ́ rẹ̀ lè ru sókè lójijì, kó kọjá ohun tó jẹ́ ìṣe ẹni náà: wíwo fídíò oníhòòhò títí ilẹ̀ á fi mọ́, wíwá obìnrin tàbí ọkùnrin kiri. Ọ̀pọ̀ aya á rò pé àlè ló dé. Obìnrin náà ń lo oògùn yìí o, ẹsẹ̀ yìí tilẹ̀ wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, obìnrin tí irú èyí bá sì ṣe á gbé e mì, kò ní sọ fún dókítà ọkùnrin láéláé. Ẹ béèrè fún dókítà obìnrin, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ na ìwé náà sí i. Òun náà ti kà á rí nínú ìwé rẹ̀, kò ní yà á lẹ́nu.

Oúnjẹ: jíjẹ tí kì í ṣe ti ebi, pàápàá lóru. Bí súyà àti búrẹ́dì bá ń wọlé ní aago mọ́kànlá alẹ́ lójoojúmọ́, tí ṣòkòtò kò sì wọlé mọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetúnṣe tí kò lérè ni ti jẹnẹrétọ̀ wa. Ẹlòmíràn á máa to aṣọ, á tún un tò, tàbí kó máa ka orúkọ inú fóònù. Bí ẹ bá dá a dúró á kanra.

Èyí tó ń tan gbogbo ayé jẹ ni ìtọrẹ àìmọye. Ẹni tí kì í ná náírà mẹ́wàá lọ́nà òfò á bẹ̀rẹ̀ sí ná owó lé olórin lórí ní òde àríyá, á máa san owó ilé ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Pásítọ̀ á gbàdúrà fún un, ẹgbẹ́ á fún un ní oyè. Owó oúnjẹ ilé ni.

Yàtọ̀ sí ìwà, oògùn yìí lè mú kí oorun gbé èèyàn lọ lójijì láìsí ìtòògbé kankan ṣáájú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti kúrò lọ́wọ́ onítọ̀hún nìyẹn títí dókítà á fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sáré lórí Kubwa Expressway mọ ìdí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọjọ́ tí ẹ bá rí i

Ẹ má pe ìpàdé ẹbí. Mo ṣe é, mo sì kábàámọ̀: àwọn àgbà mẹ́rin jókòó, wọ́n ń bá ọkùnrin ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta wí bí ọmọ ilé ìwé, ìtìjú yẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó kù pa mọ́ dáadáa. Ẹ̀yin méjì péré, lójú ọ̀sán, ìwé kékeré yẹn lọ́wọ́: “Bàbá Tóbi, mo rí nǹkan kan tí mo rò pé oògùn ló ń fà á. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá dókítà.”

Ẹ má dá oògùn náà dúró lójijì. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ dà á sí ṣáláńgá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí ara tó ti mọ̀ ọ́n lára á bínú: ìpayà, òógùn, ìrora, ìbànújẹ́, ẹsẹ̀ á sì ya wèrè fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó le jù nínú ìgbéyàwó wa nìyẹn. Ní alẹ́ tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ayé sú òun, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kaduna ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Barnawa, Gwagwalada ní ti yunifásítì.

Owó ni kí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ín. Ẹ ní kí báńkì dín iye tó lè fi ránṣẹ́ lóòjọ́ kù. Káàdì ATM á wà lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ pé kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa, kí ẹ sì ya fọ́tò èsì wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Níwájú dókítà

Ilé ìwòsàn aládàáni tí wọ́n ti kọ oògùn náà fún wa kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ìwà. Nígbà tí Bàbá Tóbi sì sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ dípò mẹ́wàá alẹ́, tó sì ti dé apá, wọ́n kàn fi oògùn kún un ni. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé oògùn yìí gan-an lè jẹ́ kí àìsàn náà tètè máa bẹ̀rẹ̀, kó sì máa tàn kálẹ̀ bí ó bá pẹ́ lára. Bí wọ́n ṣe ń fi kún un ni ẹsẹ̀ ń burú, bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́tẹ́ ń pọ̀. Bí ẹ bá rí àyípadà aago yẹn nínú ìwé yín, ẹ má gbà kí wọ́n fi kún un láìbéèrè.

Ẹ wá dókítà ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn ńlá: National Hospital ní Abuja, Gwagwalada, Shika ní Zaria, Aminu Kano ní Kano. Ẹ kó páálí, ìwé kékeré àti èsì ferritin dání. Ẹ sọ fún un pé ní January 2025, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà, AASM, gbé ìlànà jáde tó ní kí wọ́n má fi irú oògùn yìí bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹsẹ̀ mọ́, pé irin àti gabapentin tàbí pregabalin ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Gabapentin àti pregabalin náà ní tiwọn: oòyì, oorun, ọkàn tó lè rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dín ìwọ̀n wọn kù fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára.

Ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì kan ní àdúgbò, wọ́n fẹ́ tà wá ní tramadol. “Ẹ lo èyí, màdáámù, ẹsẹ̀ á sùn.” Lóòótọ́ ẹsẹ̀ lè sùn, àmọ́ òun náà lè mú kí àìsàn yìí tètè máa bẹ̀rẹ̀, àti pé ohun tí tramadol ti sọ àwọn ọ̀dọ́ dà lágbègbè wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Ẹ má sì pò ó mọ́ gabapentin láéláé, èémí lè dúró.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ jẹ́ kí NAFDAC gbọ́, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ nìṣó

Ìwé aláwọ̀ yẹ́lò wà tí wọ́n fi ń fi irú nǹkan báyìí tó NAFDAC létí, ilé ìwòsàn ìjọba ní in. Ọ́fíìsì wọn náà wà ní Wuse Zone 7, app tó ń jẹ́ Med Safety sì wà tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè fi kọ ọ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, wọn kì í sì gbé orúkọ yín jáde.

Lẹ́yìn tí oògùn ti kúrò lára, ìwà náà máa ń lọ, àmọ́ gbèsè kì í bá a lọ, àwọn onítẹ́tẹ́ kì í sì í gbàgbé nọ́ńbà. A ń kọ ìwé kékeré náà di òní. Lọ́jọ́ Tuesday ọ̀kan tún wọlé sórí fóònù: wọ́n fẹ́ fún Bàbá Tóbi ní ₦1,000 ọ̀fẹ́ kí wọ́n padà wá. Wọ́n gbé fóònù náà fún mi níbi tí mo ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, mo sì pa á rẹ́.